Èdè Wo Ni Wọ́n Fi Bi Í? Àkọsílẹ̀ Àyẹ̀wò Ọmọ Kan ní Ọ̀fà

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Àyìndé ni màmá wa máa ń fi oríkì pè é, òun náà ni n ó máa pè é níbí. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá àti ìyá rẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, mo tọrọ lọ́wọ́ òun náà; ó ní kí n ṣáà má dárúkọ ilé-ìwé òun. Tíṣà ni mí. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba ni mo ti ń kọ́ni ní Ọ̀fà, ó ti lé ní ọdún 14. Bí ẹnì kan bá wà nínú ẹbí wa tó yẹ kó tètè mọ ohun tó ń ṣe ọmọ yìí, èmi ni. Mi ò mọ̀ ọ́n, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ló wọ kíláàsì kẹrin, ọmọ ọdún 9 ni. Kò lè ka gbólóhùn ọlọ́rọ̀ márùn-ún kan já. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n da iṣẹ́ kọ láti ojú pátákó, á kọ lẹ́tà mẹ́ta, á fo méjì, á tún padà kọ èyí tó ti kọ tẹ́lẹ̀. "b" á di "d" lónìí, "d" á di "p" lọ́la. Kílínà ti lu ojú ìwé rẹ̀ níhò. Lẹ́ẹ̀mejì ni tíṣà rẹ̀ kọ ọ́ sí káàdì rẹ̀ pé ọ̀lẹ ni. Olódo ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nígbà tó sì yá, ó ń dáhùn.

Ẹ wá bá mi ká lọ sí ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ní ọjà Owódé. Èlùbọ́, gàrí, ẹ̀wà àti ìrẹsì ni ìyá rẹ̀ ń tà. Ọjọ́ Sátidé kan ni mo jókòó tì wọ́n. Oníbàárà kan ra kóńgò ẹ̀wà méjì ní ₦800 kọ̀ọ̀kan, ó ra ààbọ̀ kóńgò gàrí ní ₦250, ó na ₦5,000 sí wọn. Ìyá rẹ̀ ṣì ń wá bírò tí yóò fi ṣírò rẹ̀ sára páálí nígbà tí Àyìndé ti ka ₦3,150 sọ́wọ́ obìnrin náà, tó ti ń di ẹnu ọ̀rá gàrí. Kò ka ìka, kò wòkè.

Ní ilé kéwú náà, Áfà sọ fún wa pé súúrà tí wọ́n bá kà sí i létí lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti há a sórí. Ṣùgbọ́n tí Áfà bá fi ọ̀pá tọ́ka sí lẹ́tà kan láàárín wàláà, ọmọ náà á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè pátápátá, á máa kà á lórí bọ̀ títí yóò fi dé ibi tí ọ̀pá wà, kó tó lè sọ ohun tó jẹ́. Áfà rò pé ó ń fi òun ṣeré ni.

Màmá wa ṣe ohun tí ìyá àgbà ń ṣe. Ó ní kí wọ́n ṣe ìsọ̀yè fún un, wọ́n ṣe é. Wọ́n fọ wàláà, ọmọ mu hàntú rẹ̀. Mi ò bá màmá jà, torí ìfẹ́ ló fi ṣe é, àti pé nínú gbogbo ilé, òun nìkan ló ń tẹnu mọ́ ọn pé ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá ọmọ, kì í sọ nǹkan kan. Réwáyà ni, iná mọ́tò ló ń ṣe, kò sì sí mọ́tò tí wọ́n máa gbé wá tí kò ní rí ibi tí wáyà ti já. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ ìwé ọmọ bá ti jáde nílé, á dìde, á ní òun fẹ́ lọ rí ẹnì kan níta. Mo gbà pé kò bìkítà ni.

Oṣù kọkànlá ni obìnrin tó ni ilé-ìwé wọn pe ìyá Àyìndé, ó ní bí ọmọ náà yóò bá wọ kíláàsì karùn-ún, àfi kí wọ́n mú ìwé àyẹ̀wò wá láti Ìlọrin. Ìyàwó wa fi owó àjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sílẹ̀. Èmi, òun àti ọmọ la jọ lọ. A wọkọ̀ ní Ọ̀fà, a gba Ajàṣẹ́-Ìpo, a kọjá Ìdófìàn àti Gánmọ̀, a sọ̀ ní Ọ̀fà Gàráàjì ní Ìlọrin. Mi ò ní dárúkọ ibi tí a lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbà wá ṣe dáadáa sí wa, ó fún ọmọ ní bisikíìtì. Ó ní kí àwa méjèèjì jókòó síta, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kò tì tán, mò ń gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mi ò ní kọ ìbéèrè inú ìdánwò náà síbí, torí kò yẹ kí ọmọ tó máa ṣe é lọ́la ti gbọ́ ọ rí, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ni kí ènìyàn bi ọmọ pé, "What is courage?" Àyìndé dákẹ́. Ó bi í ní òmíràn, ó tún dákẹ́. Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn, mo ń rí i ní kíláàsì mi. Ọmọ tó ti dáhùn rí tí wọ́n sì nà án nítorí ìdáhùn rẹ̀ ló ń dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú 40, wọ́n ti ṣe tán.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, a padà lọ gbàwé. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni. IQ, ìyẹn òṣùwọ̀n làákàyè rẹ̀, 61. Ó kọ ọ́ pé ọmọ náà ní àìpé ọpọlọ, irú èyí tí kò le púpọ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwé àwọn àkàndá. Ó tún kọ ọ́ pé kì í wo ojú ẹni tó bá ń bá a sọ̀rọ̀, bíi pé àìsàn kan tún nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, àwa la kọ́ ọ pé kó má wo àgbà lójú! Bí ó bá tẹjú mọ́ ọ̀gbẹ́ni náà ní, èmi gan-an ni n bá kọ́kọ́ bá a wí.

Ìyàwó wa ní kí n túmọ̀ ìwé náà fún òun. Mò ń túmọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mò ń wá ọ̀rọ̀ tí kò ní gún un. Nígbà tí mo parí, ó bi mí pé, "Àǹtí Tíṣà, ṣé wọ́n ní orí ẹ̀ ò pé ni?" Mi ò lè dáhùn. Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó tì í bọ abẹ́ ìborùn rẹ̀, ó sì fọwọ́ mú un níbẹ̀ títí a fi dé Ọ̀fà. Àyìndé sùn sí mi léjìká. Ní Gánmọ̀, ó jí, ó bi ìyá rẹ̀ bóyá òun páàsì.

Ìwé náà kò jẹ́ kí n sùn. Kì í ṣe pé mo mọ̀ ju ẹni tó ṣe àyẹ̀wò lọ. ₦3,150 yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi. Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tó ka ẹ̀kọ́ nípa àwọn ọmọ tó nílò ìtọ́jú àrà ọ̀tọ̀ ní Federal College of Education (Special), Ọ̀yọ́. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Kò bi mí ní iye tí wọ́n gbà, kò bi mí ní orúkọ ẹni tó ṣe é. Ó ní, "Èdè wo ni wọ́n fi bi í?"

Mo ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ó ní, "Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni wọ́n wọ̀n yẹn. Ẹ lọ wọn ọmọ."

Mo wá jókòó kàwé nípa rẹ̀. Alfred Binet àti Théodore Simon ló ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ irú èyí ní Paris ní 1905, nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Faransé ń wá ọ̀nà tí wọ́n fi lè mọ ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ nílé-ìwé. Èdè Faransé ni wọ́n fi bi ọmọ Faransé. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà, wọ́n túmọ̀ rẹ̀, wọ́n tún un tò, wọ́n sì fi àwọn ọmọ tiwọn ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀. WISC, ọ̀kan nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń lò fún ọmọ ọdún 6 sí 16, ẹ̀dà rẹ̀ karùn-ún jáde ní Amẹ́ríkà ní 2014, ọmọ Amẹ́ríkà náà ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀. 100 ni àárín. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ló ń bọ́ sí àárín 85 àti 115. Ọmọ tó bá wà ní nǹkan bí 70 tàbí tó rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n máa ń fura sí pé ọpọlọ rẹ̀ lè má pé. Wọ́n á fura ni o. Nọ́ńbà nìkan kò tó ẹ̀rí. DSM-5, ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013 tí wọ́n fi ń dá àìsàn mọ̀, sọ ọ́ pé ó gbọ́dọ̀ hàn nínú ìgbé-ayé ọmọ náà pẹ̀lú: ṣé ó lè wẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣé ó lè náwó, ṣé wọ́n lè rán an níṣẹ́ kó jẹ́ ẹ bó ṣe yẹ? Kò sẹ́ni tó bi wá ní ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ tó ń dá gun ọ̀kadà láti ilé wa lọ sí Owódé, tó ń gbé oúnjẹ lọ fún ìyá rẹ̀, tó ń mú iye tí wọ́n tà bọ̀ wálé láìdín kọ́bọ̀, wọn ò bèèrè rẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé kì í ṣe ohun tí mi ò gbọ́ rí. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n kọ́ wa nípa iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo ṣe ìdánwò lórí rẹ̀, mo yege. Nígbà tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn tí mò ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò wá sí mi lọ́kàn kí n dìde kànlẹ̀kùn.

Oṣù kejì ọdún 2023 la tún padà sí Ìlọrin, ibòmíràn. Kí a tó lọ, ìyàwó wa bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ibẹ̀ jọ Arò. Mo sọ fún un pé psychologist, ẹni tó ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí, kọ́ ni dókítà tó ń tọ́jú wèrè, àti pé ẹni tó bá tilẹ̀ lọ sí Arò náà, ìtọ́jú ló wá lọ. Obìnrin tó ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún la bá, Yorùbá Ìlọrin ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó wa ń pè é ní Dókítà. Ó ní òun kì í ṣe oníṣègùn, òun kì í kọ oògùn, ṣùgbọ́n kò bá a fà á. Ohun méjì ló ní ká ṣe kí òun tó bẹ̀rẹ̀: ká lọ yẹ etí ọmọ wò, ká lọ yẹ ojú rẹ̀ wò. A ṣe méjèèjì. Kò sí nǹkan kan tó ṣe wọ́n. Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ rí bàbá ọmọ. Mo ní iṣẹ́ ò jẹ́ kó ráyè. Ó ní òun máa dúró dìgbà tó bá ráyè.

Ẹ̀gbọ́n mi wá. Mi ò mọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ fún un lóru kó tó gbà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, kò pe Àyìndé wọlé rárá. Nǹkan bíi wákàtí méjì ló fi bi àwọn òbí rẹ̀ léèrè. Oyún náà pé oṣù mélòó? Ṣé ó ké nígbà tí wọ́n bí i? Ṣé ibà apọ́njú mú un? Ṣé gìrì ti gbé e rí? Ọmọ oṣù mélòó ló rìn, ìgbà wo ló kọ́kọ́ so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀? Ó ka àwọn ìwé iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀ láti kíláàsì kìíní, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tẹ̀lé ibi tí kílínà ti lu. Ìyàwó wa ló ń dáhùn gbogbo rẹ̀. Ìgbà tó yá ló yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Bàbá Àyìndé, nínú ẹbí yín, ta ni ìwé ti yọ lẹ́nu bí èyí rí?"

Ẹ̀gbọ́n mi di kọ́kọ́rọ́ kan mú, ó ń yí i. Ó pẹ́. Atẹ́gùn fáànù ń ṣí ojú ìwé orí tábìlì, ó ń pa á dé. Ó ní, "Èmi ni."

Ó ní kíláàsì karùn-ún ni òun ti sá kúrò, tí àwa nílé gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ ló wu òun. Ó ní tí wọ́n bá ti pe òun dìde láti kàwé, òógùn á bo òun, lẹ́tà á máa rìn lójú òun. Títí di òní, tí wọ́n bá fi mẹ́sèèjì ránṣẹ́ sórí fóònù òun, ọmọṣẹ́ òun ló ń kà á. Òun á ní ojú ń dun òun. Ẹni ọdún 38 ni ẹ̀gbọ́n mi nígbà náà. Abẹ́ òrùlé kan náà la ti dàgbà. Mi ò mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ tó ti bí ọmọ mẹ́ta fún un, kò mọ̀. Gbogbo ìgbà tó ń dìde kúrò nílé tí a bá dárúkọ ìwé ọmọ, tí mo ń bínú sí i nínú mi, ó ń sá fún ohun tó ń wò lójú ọmọ rẹ̀ ni.

Dókítà kò ṣe háà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ohun tí ẹ sọ yìí ràn mí lọ́wọ́ gan-an." Ó ṣàlàyé fún wa pé irú ìṣòro ìwé kíkà kan wà tó máa ń rìn nínú ẹbí, tí òbí ẹni bá ní i, ó ṣeé ṣe dáadáa kí ọmọ náà ní i. Ó ní òun kò tíì sọ pé ìyẹn ló ń ṣe Àyìndé o.

Ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta ni ti Àyìndé, òwúrọ̀ méjì, kí ó má bàa rẹ̀ ẹ́. Yorùbá ló fi kí i. Ó gbà mí láyè kí n jókòó sí igun yàrá, ó ní kí n má là á lóhùn. Ó kọ́kọ́ bi ọmọ ní ohun tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ ìyá rẹ̀. Ọmọ tí kò fọhùn fún ìṣẹ́jú 40 ní oṣù kọkànlá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un bí wọ́n ṣe ń mọ àpò ẹ̀wà tí kòkòrò ti wọ̀: pé kí Mọ̀mí ki ọwọ́ wọn bọ inú rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, tí ìyẹ̀fun bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́ wọn jáde, kí wọ́n má rà á, kó dà kí ojú àpò dára. Ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Obìnrin náà kò sọ fún un pé kó wo ojú òun.

Ó fi àwòrán kan hàn án pé kó dárúkọ rẹ̀, ọmọ ní kùkúǹdùkú. Ànàmọ́ ni wọn ìbá pè é ní Ìlọrin. Ó rẹ́rìn-ín, ó fún un ní máàkì rẹ̀. Ó kó búlọ́ọ̀kù kéékèèké aláwọ̀ pupa àti funfun jáde, ó ní kó tò wọ́n bí àwòrán tó wà nínú ìwé. Ọwọ́ ọmọ náà ń yára bí ọwọ́ bàbá rẹ̀ nídìí wáyà. Ó ṣe ìdánwò Raven pẹ̀lú, èyí tó ti wà láti 1938 tí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: àwòrán kan tí wọ́n gé ibì kan kúrò lára rẹ̀, kí ọmọ yan èyí tó bá ihò náà mu nínú àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ìyẹn náà, ó ń tọ́ka sí wọn bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n nígbà tó ní kó ka àwọn nọ́ńbà tí òun pè láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú, ó kọsẹ̀ níbẹ̀.

Ó wá bọ́ sórí ohùn ọ̀rọ̀. "Pe bàtà." Ó pè é. "Yọ bà kúrò, kí ló kù?" Ó ní, "Tà." Ó dáa. "Pe kọ́." Ó pè é. "Yọ k iwájú rẹ̀ kúrò, kí ló kù?" Ọmọ wo àjà, ó wolẹ̀, ó fi ahọ́n kan èrìgì rẹ̀. Ó ní, "Kò kù nǹkan kan mọ́, Mọ̀mí."

Lẹ́yìn ìyẹn ló fún un ní àwọn ọ̀rọ̀ tí kò sí ní èdè kankan láti kà. Ó ya mí lẹ́nu, mo sì bi í léèrè nígbà tí ọmọ jáde lọ mumi. Ó ní ọ̀rọ̀ tí ọmọ ti rí nígbà púpọ̀, ó lè dá a mọ̀ bí a ṣe ń dá ojú aládùúgbò mọ̀, láìkà á. Èyí tí kò rí rí, àfi kó fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pè é. Ibẹ̀ ni Àyìndé ti dúró pátápátá. Ó fún un ní àyọkà Gẹ̀ẹ́sì, ó fún un ní ti Yorùbá. Nínú ti Yorùbá, àṣìṣe rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ 11 péré ló kà ní ìṣẹ́jú kan. Dókítà ní ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí ní Italy àti Finland nìyẹn, níbi tí lẹ́tà àti ohùn ti bára mu bíi tiwa: ọmọ tó ní ìṣòro yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣì í kà, ó máa ń fà ni. Gẹ̀ẹ́sì, tí "though" àti "tough" kò ti dún bákan náà, ló ń fi àṣìṣe kún ìfàfà rẹ̀.

Ohun tí mo torí rẹ̀ kọ gbogbo èyí nìyí. Ká ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wàhálà rẹ̀, ì bá ka Yorùbá geere. Ká ní ọpọlọ rẹ̀ ni kò pé, kò ní lè ṣàlàyé ẹ̀wà oníkòkòrò fún àlejò, kò ní lè to búlọ́ọ̀kù wọ̀nyẹn. Ìdánwò tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì láti òkè délẹ̀ kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀, ojú kan náà ni yóò fi rí wọn: ọmọ tó dákẹ́.

Síbẹ̀ kò fún wa ní orúkọ kankan lọ́jọ́ náà. Ó ní DSM-5 sọ pé kí wọ́n tó fún ọmọ ní irú orúkọ yìí, ìṣòro náà gbọ́dọ̀ ti wà fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, lẹ́yìn tí wọ́n ti ràn án lọ́wọ́ ní tààrà lórí ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu; àti pé kò gbọdọ̀ jẹ́ àìgbọ́ èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ọ tàbí àìkọ́ ọ dáadáa ló fà á. Ó wò mí. "Àǹtí Tíṣà, ta ló ti kọ́ ọmọ yìí ní ìwé kíkà lọ́kọ̀ọ̀kan rí, òun nìkan?" Kò sí.

A bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, láàárín ìrun Mọ̀gáríbì àti Íṣáì, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Yorùbá nìkan ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo da iyanrìn sínú àtẹ, ó ń fi ìka kọ lẹ́tà sínú rẹ̀, ó ń pè é bó ṣe ń kọ ọ́. Mo kọ lẹ́tà sára ìdérí ìgò, ó ń tò wọ́n: k àti ọ́ di kọ́, ó ṣí k kúrò, ọ́ ṣẹ́kù sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó wò ó títí. Àmì ohùn kò yọ ọ́ lẹ́nu rárá. Tí mo bá fi ẹnu lù ú bí ìlù, dò, rè, mí, ó ti mú un. "b" àti "d" ló bá mi jà títí di oṣù karùn-ún. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sínú ìwé kan tí Dókítà ní kí n máa kọ: ọjọ́, ohun tí a kọ́, iye ọ̀rọ̀ tó kà ní ìṣẹ́jú kan. Ní oṣù kẹta, ẹ̀nu ọ̀nà ìta ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń jókòó sí pẹ̀lú rédíò. Ní oṣù karùn-ún, ó ti gbé àpótí rẹ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní oṣù keje, rédíò kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mi ò sọ nǹkan kan, mo ṣáà ń gbé àtẹ náà súnmọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí oṣù kẹjọ fi parí, ọmọ ń ka ọ̀rọ̀ 26 ní ìṣẹ́jú kan. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì tèmi ń ka ju 60 lọ.

Oṣù kẹsàn-án 2023 la lọ gba ìwé. Ojú ìwé méje ni, ó sì fi Yorùbá ka gbogbo rẹ̀ fún àwọn òbí rẹ̀ kó tó fi lé wọn lọ́wọ́. Ìṣòro ìwé kíkà, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí dyslexia, ló ń ṣe é, ó sì kan sípẹ́lì rẹ̀ pẹ̀lú. Ó ní a lè bá a pàdé ní orúkọ mìíràn nínú ICD-11, ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní oṣù kìíní 2022, ohun kan náà ni. Kì í ṣe àìpé ọpọlọ. Ó kọ ọ́ ní gbólóhùn kan tó dá dúró. Kò kọ àpapọ̀ IQ. Ó ní òṣùwọ̀n ọmọ Amẹ́ríkà ni, òun sì túmọ̀ apá kan rẹ̀ sí Yorùbá, nítorí náà nọ́ńbà náà kò ní jẹ́ òótọ́, bẹ́ẹ̀ kì í tètè kúrò nínú fáìlì ọmọ. Ó kọ ibi tó ti lágbára àti ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó.

Ìyàwó wa bèèrè oògùn rẹ̀. Ó ní kò ní oògùn, ẹ̀kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ó bèèrè bóyá yóò lọ. Ó ní kì í lọ tán, ṣùgbọ́n yóò kàwé, yóò pẹ́ kó tó yá a lẹ́nu ni. Ìyàwó wa mú ìwé àkọ́kọ́ jáde nínú báàgì, ó ṣì wà ní kíká mẹ́rin, ó ní òun fẹ́ ya á níbẹ̀. Dókítà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ, ó ní ká tọ́jú rẹ̀ mọ́ tuntun, kí ẹni tó bá máa yẹ ọmọ wò lẹ́yìn ọ̀la lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bọ̀.

Mi ò bínú sí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn mọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé àṣìṣe kékeré ni. Ká ní a gbọ́ tirẹ̀, ibòmíràn ni Àyìndé ì bá wà lónìí. Àwọn òbí ọmọ kíláàsì mi méjì ti wá bá mi láti ìgbà náà pé àwọn fẹ́ lọ ṣe irú àyẹ̀wò yìí. Mo ní kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n bèèrè èdè tí wọn yóò fi bá ọmọ sọ̀rọ̀ àti iye wákàtí tí yóò gbà, kí wọ́n sì kó ìwé iṣẹ́ ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dání. Mo ní kí bàbá ọmọ bá wọn lọ.

Ilé-ìwé rẹ̀ gbà láti máa ka ìbéèrè ìdánwò sí i létí, wọn ò sì ní kó da nǹkan kọ láti ojú pátákó mọ́. Àfikún àkókò ni wọn kò tíì gbà, mo ṣì ń bá wọn fà á. Ní oṣù kejìlá, ó gba 68 nínú Basic Science, ó gba 31 nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Lálẹ́ ọjọ́ tí káàdì náà dé, lẹ́yìn tí ọmọ ti sùn, ẹ̀gbọ́n mi mú ìwé olójú méje yẹn wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú ìwé kejì ló ṣí sí, ibi tí wọ́n kọ nípa ẹbí. Ó fi ìka rẹ̀ tó dúdú fún gíríìsì sábẹ́ ìlà kan, ó ní kí n ka ibẹ̀ fún òun. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà, kí n rọra, kí òun lè máa fojú bá a lọ.